Àpótí Yàrá Kọ̀ǹpútà Kò Kú, Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Pa Á

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù, kì í sì í ṣe ti ẹni tó yẹ kó di olórí akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ àpótí dúdú kékeré tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù nínú yàrá kọ̀ǹpútà ni. Látìgbà tí a ti wọlé sáà yìí ni wọ́n ti ń sọ ọ́ kiri pé ó ti kú. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ní kí á pe ẹnjiníà kan wá láti ìgboro kó wá fọ́máàtì ẹ̀. Àwọn mìíràn ní kí á tà á, kí á fi owó rẹ̀ ra fíláàṣì. Èmi ò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀ kí ìpàdé ọjọ́ Jímọ̀ tó dé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé fún àwọn àbúrò wa ní JSS1 tí wọn ò tíì wọ yàrá náà rí. NAS ni wọ́n ń pe irú àpótí yìí. Hádíìsìkì méjì ló wà nínú rẹ̀. Wáyà kan so ó mọ́ ráótà, àwọn kọ̀ǹpútà mẹ́wàá inú yàrá náà sì ń gba ọ̀dọ̀ ráótà yẹn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò ní ojú, kò ní kíbọ́ọ̀dù. Iṣẹ́ rẹ̀ ò ju pé kó gba fáìlì lọ́wọ́ yín, kó tọ́jú rẹ̀, kó sì dá a padà nígbà tí ẹ bá bèèrè, ì báà jẹ́ kọ̀ǹpútà ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn lẹ jókòó sí tàbí ti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Bí àká ni. Àgbẹ̀ mẹ́wàá lè máa kó àgbàdo sínú àká kan ṣoṣo. Kò sì nílò dátà rárá. Íntánẹ́ẹ̀tì lè má sí ní gbogbo àdúgbò lọ́jọ́ yẹn, bí iná bá ṣáà ti wà nínú yàrá, yóò máa dáhùn.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an ló ń dùn mí. Fọ́tò intá-háòsì wà níbẹ̀. Fọ́tò àwọn sénìọ̀ tó ti jáde wà níbẹ̀. Gbogbo ẹ̀dà ìwé ìròyìn ara ògiri yìí tí wọ́n tẹ̀ kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibí wà níbẹ̀. Ìyẹn nìkan kọ́. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà tí ilé-ìwé wa ń ṣe àjọ̀dún, àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ nígbà náà gbé fóònù olùkọ́ wa káàkiri ìlú, wọ́n lọ gba ohùn àwọn àgbà tó mọ bí wọ́n ṣe kọ́ ilé-ìwé yìí. Bàbá kan tó po sìmẹ́ǹtì bílọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín níwájú ilé-ìwé kí ó tó ní ọgbà sọ tirẹ̀, ó sì dárúkọ àwọn olùkọ́ tó jẹ ẹ́ ní gbèsè lọ. Ohùn àgbà mẹ́sàn-án ni wọ́n gbà. Méjì nínú wọn ti papò dà báyìí, ìyá ẹlẹ́kọ náà sì wà nínú wọn.

Níbo ni ẹ̀dà kejì wà? Kò sí. Wọ́n ti nu fóònù yẹn mọ́. Fíláàṣì tí wọ́n fi gbé e wọ yàrá kọ̀ǹpútà, orin ló ń gbé kiri báyìí. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí á fọ́máàtì àpótí, ohun tó ń sọ ni pé kí á tún àwọn àgbà wọ̀nyẹn sin lẹ́ẹ̀kejì. Mo mọ̀ pé kò ní ìyẹn lọ́kàn. Àmọ́ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Báwo la ṣe dé ibi tí wọ́n ti ń pe ẹni tó ń mí ní òkú? Kópà kan tó sìn níbí ló gbé àpótí náà kalẹ̀, ó sì so ó mọ́ àwọn kọ̀ǹpútà wa. Ẹ rántí pé Linux ló wà lórí wọn, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Ubuntu, tí ọmọ South Africa kan tó ń jẹ́ Mark Shuttleworth gbé jáde ní 2004, tí ẹnikẹ́ni kò sì ń san owó rẹ̀. Kópà parí iṣẹ́ ìsìn ìlú rẹ̀, a ṣe sẹ́ńdọ́ọ̀fù fún un, ó lọ. Ní ìsinmi gígùn tó kọjá, wọ́n gbé Ubuntu tuntun sórí àwọn kọ̀ǹpútà. Ìgbà tí a wọlé, kò sẹ́ni tó rí inú àpótí mọ́. Ẹ̀rọ ń kọ ọ́ sójú wọn pé "Host is down". Ẹni tó kà á túmọ̀ rẹ̀ fún ẹnìkejì pé àpótí ti kú, ẹnìkejì sọ fún ẹnìkẹta, ọ̀rọ̀ sì di òótọ́.

Àwa mẹ́ta lọ bẹ olùkọ́ kọ̀ǹpútà wa, wọ́n sì gbà kí á dúró lẹ́yìn ìparí iṣẹ́ ní ọjọ́ tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ fún lẹ́sìnnì àwọn SS3. Ohun àkọ́kọ́ tí a ṣe kò ju ìkíni lọ. Ẹ ṣí ojú dúdú tí wọ́n ń pè ní terminal, ẹ kọ ping, ẹ fi àdírẹ́sì àpótí náà tẹ̀ lé e, ẹ tẹ enter. Tiwa ni 192.168.1.50. Kíá ló dáhùn. Ṣé òkú máa ń dáhùn ni? A tún kọ àdírẹ́sì kan náà sínú bùráúsà, ojú ewé àpótí náà yọ sí wa, ó ń bèèrè orúkọ àti páswọ́ọ̀dù. Ara rẹ̀ yá.

Èdè ni kò yé ara wọn. Èdè tí irú àpótí báyìí fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń pè ní SMB. Ilé iṣẹ́ IBM ló bí i láàárín 1980 sí 1990, Microsoft ló gbà á tọ́. Èyí àkọ́kọ́, SMB1, ti darúgbó, ara rẹ̀ sì kún fún ihò. Ní oṣù Karùn-ún 2017, àrùn kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry gba inú irú ihò bẹ́ẹ̀ wọlé káàkiri ayé. Ó ti fáìlì àwọn èèyàn pa, ó ń bèèrè owó ìtúsílẹ̀. Ó dé ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ní láti dá àwọn aláìsàn kan padà sílé. Láti ìgbà náà ni gbogbo àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ti ń yọ SMB1 kúrò díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó fi di ọdún 2019, Samba, ìyẹn ohun tí Linux fi ń sọ èdè SMB, ti pa á sílẹ̀ pátápátá, àfi bí èèyàn bá fúnra rẹ̀ tàn án.

Ẹ wá wò ó. Bí wọ́n ṣe gbé àpótí wa kalẹ̀, SMB1 nìkan ló gbọ́. Ubuntu tuntun dé, kò gbọdọ̀ sọ SMB1. Ó kí i ní èdè tuntun, àpótí kò dá a lóhùn ní ọ̀nà tó retí, ni Ubuntu bá kọ ọ́ pé kò sẹ́ni nílé. Ẹni tí ẹ ń pè ní orúkọ tí kì í jẹ́, ṣé ẹ ó torí pé kò jẹ́ yín kẹ́ ẹ ní ó ti kú?

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tó pa mí lẹ́rìn-ín. Linux náà ló wà nínú àpótí yẹn! Bẹ́ẹ̀ ni ó rí nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àpótí NAS tí wọ́n ń tà lọ́jà. Ọmọ ìyá kan náà ni òun àti kọ̀ǹpútà wa, síbẹ̀ èdè Windows ni wọ́n fi ń kí ara wọn. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí: ọmọ Yorùbá méjì pàdé ní kọ́rídọ̀, dípò kí wọ́n sọ Yorùbá, wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì jà, torí ẹni tó ń kọ orúkọ àwọn tó sọ vernacular wà nítòsí. Èdè abínibí wọn wà o. NFS ni wọ́n ń pè é, ilé iṣẹ́ Sun Microsystems ló gbé e jáde ní 1984. Ọ̀rẹ́ mi kan nínú àwa mẹ́ta ní òun kò rí ìdí tí a ò fi ní lo ìyẹn. Mo rí i. NFS, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń lò ó, kì í bèèrè páswọ́ọ̀dù. Ó máa ń wo àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà àti nọ́ńbà ẹni tó jókòó sí i, ó sì gba ohun tí kọ̀ǹpútà bá wí gbọ́. Nínú ilé tí kò ju bàbá, ìyá àti ọmọ lọ, kò burú. Nínú yàrá tí ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ ń jókòó sí àga kan náà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mi ò ní fọwọ́ sí i. Yàtọ̀ sí ìyẹn, láptọ́ọ̀pù Windows ló wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. SMB ni gbogbo wa jọ gbọ́, ẹ jẹ́ kí á dúró síbẹ̀.

Orúkọ Samba yẹn náà ní ìtàn. Ọ̀gbẹ́ni Andrew Tridgell, ọmọ Australia, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tó ṣì ń kàwé ní yunifásítì ní Canberra, èyí àkọ́kọ́ sì jáde ní 1992. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní èdè yẹn. Ó fetí sí wáyà, ó ń wo ohun tí ẹ̀rọ kan ń sọ fún èkejì, títí ó fi lè fèsì. Nígbà tó ń wá orúkọ, ó ní kí kọ̀ǹpútà wá gbogbo ọ̀rọ̀ tó ní S, M àti B nínú fún òun, bí ijó àwọn ará Bràsíl ṣe di orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó fi etí lásán kọ́ èdè ẹ̀rọ, àwa tí wọ́n kọ tiwa sílẹ̀ fún lè kọ́ ọ.

Mo padà sórí ọ̀rọ̀ mi. Ọ̀nà àbùjá kan wà. Ẹni tó bá wá a káàkiri yóò rí àwọn tó ń sọ pé kí èèyàn kàn kọ vers=1.0 sínú àṣẹ tó fi ń so àpótí mọ́ Linux, tàbí kó tan SMB1 padà nínú fáìlì Samba. Yóò ṣiṣẹ́ o, mi ò sọ pé kò ní ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ṣe ni pé ẹ yọ ilẹ̀kùn tuntun dànù nítorí kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ kò ṣí i. Fíláàṣì mélòó ló ń wọ yàrá yẹn lójúmọ́, láti kááfè, láti ilé, láti ilé àdúgbò? Bí ọwọ́ bá kan yín, tí ẹ fẹ́ kó fáìlì jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú àpótí tó ti gbó jù, ẹ fi ṣe é, kí ẹ sì tún un tì. Kì í ṣe ohun tí à ń gbé pẹ̀lú.

Ọ̀nà tó tọ́ ni pé kí á kọ́ àpótí ní èdè tuntun, ìyẹn bó bá lè gbọ́ ọ. Tiwa gbọ́ ọ. Nínú ojú ewé rẹ̀, lábẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣètò fáìlì fún Windows, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé SMB1 ni èyí tó ga jù tó lè sọ. A gbé e dé SMB3, a sì ní kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ ju SMB2 lọ. A tẹ apply. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Nígbà tí fódà ẹgbẹ́ wa ṣí lójú Ubuntu, tí ohùn ìyá ẹlẹ́kọ jáde láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àmọ́ kí á tó lè ṣe iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì yẹn, ọjọ́ mẹ́ta la fi dúró. Ìdí ni pé páswọ́ọ̀dù ẹni tó ń ṣàkóso àpótí wà ní orí ẹnì kan ṣoṣo, ìyẹn kópà wa, òun nìkan. Olùkọ́ wa fi WhatsApp ránṣẹ́ sí i, ọjọ́ kẹta ló dáhùn, ó sì fi tọ̀yàyà dáhùn, Ọlọ́run á bù kún un. Bó bá ti pààrọ̀ láìnì rẹ̀ ńkọ́? Bí wọ́n bá ti jí fóònù rẹ̀ ńkọ́? Èyí gan-an ni mo ń pè ní àìsàn. Ohun tó ń ṣe àpótí kò tó nǹkan. Àwa la ní àrùn, nítorí a fi ohun gbogbo ẹgbẹ́ sí àyà ẹnì kan, a wá ṣe sẹ́ńdọ́ọ̀fù fún un.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí á kọ ọ̀nà náà sílẹ̀ ní Yorùbá tí ó yé ọmọ JSS, kí á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri yàrá kọ̀ǹpútà. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, àwọn ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wo fọ́tò kan lásán, kó ṣí Files, kó wá ibi tí wọ́n ń kọ àdírẹ́sì ẹ̀rọ mìíràn sí, kó kọ smb://192.168.1.50 síbẹ̀, kó fi orúkọ àti páswọ́ọ̀dù wọlé. Ó tán. Ṣùgbọ́n tó bá ti jáde nínú kọ̀ǹpútà, ìsopọ̀ yẹn náà ti lọ nìyẹn, àwọn ètò mìíràn sì wà tí wọn kì í rí ibẹ̀ láti fi fáìlì pamọ́ sí. Fún kọ̀ǹpútà méjì tí ẹgbẹ́ wa fi ń ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn, ó yẹ kí ìsopọ̀ rẹ̀ wà títí lọ. Ẹ fi sudo apt install cifs-utils gbé ohun tó ń so ó wọlé. Bí ẹ kò bá ṣe é, ẹ̀rọ yóò máa sọ̀rọ̀ "bad superblock" sí yín, ẹ ó rò pé hádíìsìkì ti bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí fódà kan sílẹ̀ ní /mnt/akoroyin, kí ẹ sì fi ìlà kan ṣoṣo yìí sínú fáìlì /etc/fstab:

//192.168.1.50/akoroyin /mnt/akoroyin cifs credentials=/etc/akoroyin.txt,uid=1000,gid=1000,nofail,x-systemd.automount 0 0

Ẹ má bẹ̀rù ìlà yẹn, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ní ìdí. Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sí kọ̀ǹpútà lè ka fstab, nítorí náà a kì í kọ páswọ́ọ̀dù síbẹ̀. Inú akoroyin.txt la ń kọ ọ́ sí, a ó sì fi chmod 600 pa á mọ́ kí ẹni tí kì í ṣe alákòóso má lè kà á. Bí uid kò bá sí níbẹ̀, ẹ ó rí fáìlì, ẹ ò ní lè fi tuntun sí i, torí Linux yóò gbà pé ti alákòóso ni gbogbo rẹ̀. Àwọn méjì ìparí, ọ̀rọ̀ iná ni. Ẹ mọ bí NEPA ṣe ń ṣe é. Bí wọ́n bá mú iná lọ tí wọ́n dá a padà, kọ̀ǹpútà á jí kí àpótí tó jí. Bí nofail kò bá sí níbẹ̀, kọ̀ǹpútà á dúró máa retí rẹ̀ nígbà tó ń dìde, ẹ ó sì máa wò ó tí àkókò kíláàsì yín fi parí. x-systemd.automount ní tirẹ̀ ń sọ pé kí ó má tiẹ̀ lọ kan ilẹ̀kùn àpótí àfi ìgbà tí ẹnì kan bá ṣí fódà náà.

Ráótà ńkọ́? Ráótà ló ń pín àdírẹ́sì, bí iná bá lọ, ó lè fún àpótí ní òmíràn. A ti wọ inú ráótà lọ sọ fún un pé 50 yẹn ti ní olówó. Ẹ má ṣe yí i padà.

Ẹ jẹ́ kí n wá dá àwọn tó fẹ́ràn fíláàṣì lóhùn, torí mi ò fẹ́ kí wọ́n ní mo yẹra fún wọn. Wọ́n ní fíláàṣì kò ní wàhálà fstab. Bẹ́ẹ̀ ni. Kò ní wàhálà kankan títí ó fi sọnù nínú ọkọ̀ akẹ́rò. Àwọn tó ní kí á lo Google Drive ní ọ̀rọ̀ tó tó bẹ́ẹ̀, mo sì gbà fún wọn ní ìdajì. Ohùn àgbà mẹ́sàn-án yẹn kò tóbi. 15 GB tí Google ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ yóò gbà á, yóò sì ṣẹ́ kù. Kí á gbé e síbẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n fọ́tò ọdún mẹ́fà, ta ni yóò ra dátà tí a ó fi gbé e lọ, tí a ó sì tún fi máa gbé e bọ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá fẹ́ fi ọ̀kan sí ara ògiri? Mi ò rí ẹni tó nawọ́ sókè.

Àwọn kan tún mú àbá kan wá pé níwọ̀n bí a kì í ti í sùn sí ilé-ìwé, kí á ṣí àpótí sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí á lè máa bá iṣẹ́ lọ láti ilé. Mo mọ ohun tó fa èyí. Aago méjì ààbọ̀ wọ́n ti tì wá síta, ìgbà náà gan-an ni orí sì máa ń pé. Síbẹ̀, rárá o. Ní oṣù Kẹfà 2021, àwọn tó ní àpótí kan tí wọ́n ń pè ní WD My Book Live jí lọ́jọ́ kan, wọ́n rí i pé àpótí wọn ti ṣófo. Àwọn ọ̀daràn ló gba orí íntánẹ́ẹ̀tì pàṣẹ fún àpótí wọ̀nyẹn pé kí wọ́n nu ara wọn, wọ́n sì gbọ́ràn. Láti 2015 ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò ti ṣe àtúnṣe kankan sí i mọ́. Àpótí tiwa náà kì í ṣe ọmọdé. Kó jókòó sínú yàrá rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tí mo bá gbogbo àwọn tó ń bẹ̀rù gbà ni pé àpótí nìkan kò tó. Hádíìsìkì méjì tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀dà méjì bí àwọn kan ṣe rò. Dígí ni wọ́n jẹ́ fún ara wọn. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, èkejì á gbé e dúró, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n fáìlì tí ẹ bá parẹ́ nínú ọ̀kan ti parẹ́ nínú èkejì lójú ẹsẹ̀. Bí olè bá gbé àpótí, méjèèjì ló gbé lọ. Bí iná bá sì ń lọ tó ń bọ̀ nígbà tó ń kọ fáìlì lọ́wọ́, ó lè bà á jẹ́ ní méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. A nílò UPS kékeré kan, a sì nílò hádíìsìkì alágbèéká kan tí a ó máa da gbogbo rẹ̀ sí lóṣooṣù, tí kò sì ní máa gbé inú yàrá kan náà pẹ̀lú àpótí. Láíbúrẹ́rì dára fún un. Owó tí wọ́n fẹ́ fi pe ẹnjiníà wá fọ́máàtì, kí wọ́n fi kún owó hádíìsìkì yẹn.

Ó ku ọ̀rọ̀ ta ni yóò mọ̀ ọ́n. Mo rí i nínú ìwé ìpàdé pé wọ́n fẹ́ fi mí jẹ alábòójútó àpótí. Mo dúpẹ́, àmọ́ mi ò fẹ́ ẹ báyìí. SS2 ni mo wà. Lọ́dún tó ń bọ̀, WAEC ni yóò wà níwájú mi, lẹ́yìn ìyẹn mo ti lọ, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá nọ́ńbà mi lórí WhatsApp bí ẹ ṣe wá ti kópà. Kí wọ́n yan méjì láti SS1 àti ọ̀kan láti JSS3. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjèèjì á kọ́ wọn ní ọjọ́ Ọjọ́rú méjì, kí olùkọ́ wa wá tú ìsopọ̀ kọ̀ǹpútà kan, kí àwọn ọmọ yẹn fi ọwọ́ ara wọn so ó padà, kí àwa má sọ̀rọ̀ rárá. Kí á kọ páswọ́ọ̀dù alákòóso sínú àpò ìwé, kí á lẹ̀ ẹ́ pa, kí ọ̀gá àgbà fi sínú dúrọ́ọ̀ tí wọ́n ń tì.

Ìwé ìlànà náà jẹ́ ojú ewé kan àtààbọ̀, ó ti wà lọ́wọ́ olùkọ́ kọ̀ǹpútà fún àtúnṣe. Mo máa mú un wá sí ìpàdé lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fọ́máàtì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ní aago kan kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ á wà ní títàn, a ó sì jẹ́ kí ẹ gbọ́ ohùn ìyá ẹlẹ́kọ kí ẹ tó dìbò.